Àbúrò mi ń gbé ní Katy lẹ́yìn Houston: ṣé kó kó lọ sí Alief nítorí àwọn ọmọ?

Olùkọ́ Òkè-Ìlà, Adó-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Àbúrò mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ra ilé sí Katy, ní apá ìwọ̀-oòrùn Houston ní Texas, nínú ọ̀kan lára àwọn ẹ̀sítéètì tí gbogbo ilé ibẹ̀ jọra wọn, tí ẹgbẹ́ àwọn onílé sì máa ń kọ lẹ́tà sí ẹni tí koríko iwájú ilé rẹ̀ bá ti ga jù. Ibẹ̀ tòrò, ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀ sì dára, àmọ́ kò sí ọmọ Yorùbá mìíràn ní òpópónà wọn. Àwọn tó yí wọn ká jù ni àwọn tí ìjọba Amẹ́ríkà ń pè ní Hispanic, ìyẹn àwọn tí ìran wọn ṣẹ̀ wá láti àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Spéìn.

Ohun tí àbúrò mi rí lára àwọn aládùúgbò wọ̀nyí ló mú mi kọ̀wé. Láti Mẹ́síkò ni àwọn òbí àgbà ìdílé tó wà lápá ọ̀tún wọn ti wá, ṣùgbọ́n Texas ni wọ́n bí bàbá àti ìyá ilé náà sí, àwọn ọmọ wọn kò sì gbọ́ ju ìkíni lọ nínú èdè Spéìn. Ará Venezuela ni ìdílé apá òsì. Iṣẹ́ epo rọ̀bì ló gbé bàbá wọn dé ibẹ̀, wọn kì í sì í sọ èdè mìíràn nínú ilé àfi Spéìn. Bí fọ́ọ̀mù ìjọba bá dé, ibì kan náà ni ìdílé méjèèjì ń fi àmì sí, síbẹ̀ wọn kì í wọlé tọ ara wọn, wọn kì í sì í jọ ṣe ayẹyẹ.

Ìdílé apá ọ̀tún yẹn ni àbúrò mi máa ń wò tí ẹ̀rù fi ń bà á. Ó ní bí àwọn ọmọ òun náà yóò ṣe rí lọ́la nìyẹn, orúkọ nìkan ni yóò ṣẹ́ kù lára wọn. Ó fẹ́ kí wọ́n ta ilé náà, kí wọ́n kó lọ sí Alief ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìtajà àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí. Ọkọ rẹ̀ kò gbà, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ àti gbèsè ilé tí wọ́n ṣì ń san. Èmi ni wọ́n gbé ẹjọ́ náà wá bá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa àwọn èèyàn wọ̀nyí, kí ló so wọ́n pọ̀, kí ló sì fà á tí ìdílé kan fi di èdè àti ìwà baba wọn mú tí èkejì fi jọ̀wọ́ tiwọn? Ṣé àdúgbò ló fà á?

Ọmọ Olósùnta, Ìkéré-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Kí n tó dé orí Alief, ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ láti ìpìlẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ńṣe ni gbogbo àwọn èèyàn wọ̀nyí wọ ọkọ̀ lọ bá Amẹ́ríkà. Ní Texas, Amẹ́ríkà ló wá bá àwọn kan nínú wọn nílé. Abẹ́ Mẹ́síkò ni Texas wà títí di 1836. Ní 1845 ó di ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà. Ogun tó sì wáyé láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì láti 1846 sí 1848 parí sí àdéhùn Guadalupe Hidalgo, tó fi ilẹ̀ ńlá kan sábẹ́ Amẹ́ríkà tòun ti àwọn ará Mẹ́síkò tó ń gbé orí rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ Spéìn tí kò gbọ́ èdè náà, ó lè jẹ́ pé ìdílé rẹ̀ ti wà ní Texas kí ọ̀pọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun ibẹ̀ tó dé.

Ìjọba náà kò tètè mọ ibi tí yóò kà wọ́n mọ́. Nínú ètò ìkànìyàn 1930, wọ́n ka àwọn ará Mẹ́síkò sí ẹ̀yà kan tó dá dúró bí wọ́n ṣe ka aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú. Ọdún yẹn nìkan ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di 1940, wọ́n dá wọn padà sáàárín àwọn aláwọ̀ funfun. Láti 1980 ni wọ́n ti ń bi gbogbo ará ìlú ní ìbéèrè méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ṣé Hispanic ni ọ́, àti àwọ̀ wo ni ọ́. Èèyàn lè jẹ́ Hispanic kó sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú, bí ọ̀pọ̀ ará Kúbà tó ṣì ń fi èdè Yorùbá kọrin sí òrìṣà. Nínú ìkànìyàn 2020, mílíọ̀nù 62.1 ni wọ́n kà sí Hispanic, nínú ọgọ́rùn-ún wọn, bí 42 ló kọ gbogbo àwọ̀ tí ìjọba tò sílẹ̀ tí wọ́n mú «ẹ̀yà mìíràn». Ní oṣù Kẹta 2024 ni ìjọba wá pinnu pé ìbéèrè méjèèjì yóò di ẹyọ kan.

Èmi kò fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù yìí, nítorí ó ti ṣe ìpalára fún wọn ní Houston gan-an. Ní 1970, nígbà tí ilé-ẹjọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n da ọmọ dúdú àti ọmọ funfun pọ̀ nílé-ẹ̀kọ́, àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ìlú náà ka àwọn ọmọ Mẹ́síkò sí funfun, wọ́n dà wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ dúdú, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn funfun gidi sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn òbí kọ̀, wọ́n kó ọmọ wọn jáde, wọ́n sì dá ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1954, àwọn agbẹjọ́rò wọn ti gbé ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hernandez dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, nítorí pé fún ọdún 25 wọn kò pe ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ Mẹ́síkò sínú ìgbìmọ̀ adájọ́ aráàlú ní káúńtì tí wọ́n ti dá ọkùnrin náà lẹ́bi. Wọ́n sì borí.

Ìyà àjọjẹ ló so wọ́n pọ̀, Mà, bó ṣe so àwa náà. Kí ogun Kírìjì tó dé, ará Ọ̀tùn ń ṣe ti Ọ̀tùn, ará Ìjerò ń ṣe ti Ìjerò. Àjàgà Ìbàdàn ló kó wa jọ pẹ̀lú àwọn Ìjẹ̀ṣà di Èkìtì Parapọ̀ títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi ará Ọ̀tùn léèrè ibi tó ti wá lónìí, Ọ̀tùn ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ará Mẹ́síkò àti ará Venezuela kò gbọdọ̀ máa jẹun pọ̀ kí wọ́n tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan náà níwájú ìjọba. Èyí tó wà nínú ilé kálukú ni ìlú baba rẹ̀, àṣà ìlú náà àti oúnjẹ rẹ̀.

Ará Mọba, Ọ̀tùn-Èkìtì

Ẹ̀gbọ́n mi Olùkọ́, mo kí yín. Mo ṣiṣẹ́ ní Houston fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó padà wálé, mo sì fẹ́ kí àbúrò yín mọ̀ pé Alief tó ń wò yẹn kì í ṣe ìlú Yorùbá. Lóòótọ́, ẹ óò rí ẹ̀lùbọ́ rà níbẹ̀, ẹ óò sì gbọ́ Yorùbá nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n àwọn ará Vietnam, Mẹ́síkò àti El Salvador ni yóò yí ilé rẹ̀ ká, àwọn Hispanic sì pọ̀ níbẹ̀ jù wá lọ dáadáa. Bí ó bá sá fún wọn ní Katy, yóò bá wọn ní Alief.

Bí Houston ṣe rí nìyẹn. Kò sí òfin kan tó pín ìlú náà sí apá ibùgbé àti apá òwò bíi ti àwọn ìlú ńlá yòókù ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ọ̀nà márosẹ̀ sì gùn, nítorí náà ńṣe ni ìlú ń fẹ̀ síta ṣáá, tí gbogbo ẹ̀yà ń tẹ̀ lé e lọ. Ìlà-oòrùn ìlú ni àwọn ará Mẹ́síkò ti bẹ̀rẹ̀, ní Second Ward àti Magnolia Park, nítòsí ojú omi tí wọ́n ṣí fún ọkọ̀ ńlá ní 1914. Ṣọ́ọ̀ṣì Our Lady of Guadalupe tí wọ́n dá sílẹ̀ fún wọn ní 1912 ṣì wà níbẹ̀. Ìtàn Gulfton, àdúgbò mìíràn ní Houston, yàtọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ àpọ́n tó ń ṣiṣẹ́ epo ni wọ́n kọ́ àwọn ilé onífúláàtì ibẹ̀ fún. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, iṣẹ́ tán, ilé ṣófo, àwọn onílé sì dín owó ilé kù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń sá fún ogun ní El Salvador àti Guatemala ṣe kún inú rẹ̀. Epo kan náà yìí ló kó àwọn ará Venezuela wá sí Katy, débi pé àwọn kan ti ń pe ibẹ̀ ní Katyzuela. Ẹ wò ó, ogun, epo àti owó ilé ló ń darí ibi tí èèyàn ń gbé. Ìfẹ́ ẹ̀yà nìkan kọ́.

Ní ti ohun tó ń gbé àṣà ró, n óò sọ ohun tí mo fi ojú mi rí. Ìdílé ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ará Mẹ́síkò ní ti ìran, máa ń pè mí wá sí Pasadena, ìlú tó wà lẹ́bàá Houston níbi tí ilé ìfọpo pọ̀ sí, ní àkókò Kérésìmesì láti wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe tamales. Ìyẹ̀fun àgbàdo ni wọ́n ń pò mọ́ ọ̀rá, wọ́n á fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sórí háhá àgbàdo tí wọ́n ti rẹ sómi, wọ́n á fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi ata pupa sè sáàárín, wọ́n á ká a, wọ́n á sì tò ó lóòró sínú ìkòkò láti fi ooru omi sè é. Ìyá àgbà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin kan kò gbọ́ Spéìn, ó sì tẹ́ ìyẹ̀fun tirẹ̀ nípọn jù. Ìyá àgbà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ṣíbí ha ìdajì kúrò, ó dá a padà fún un, ó sì sọ gbólóhùn kan; ọmọ náà fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn pé òun ti rí i, èyí tó tẹ̀ lé e sì fẹ́lẹ́ bó ṣe yẹ. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ̀sítéètì tí àwọn tó jókòó yí tábìlì yẹn ká ti wá, kò sì sí èyí tó ń gbé ní Second Ward mọ́ nínú wọn. Ilé ìyá àgbà ni wọ́n ń padà sí.

Nítorí náà, mo gba àbúrò yín nímọ̀ràn pé kó dúró sí Katy, kó sì wá ilé kan tí àwọn ọmọ yóò máa padà sí.

Ìyá Ìkọlé

Mo ka ọ̀rọ̀ Ará Mọba, ó sì dùn mọ́ mi, àmọ́ n kò lè gbà pé oúnjẹ tó. Ọmọ tó mọ tamales ká tí kò lè bá ìyá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ti pàdánù ohun tó tóbi. Ta ni yóò sọ ìtàn ìdílé fún un? Ta ni yóò mọ ohun tí ìyá àgbà ń rò nígbà tí àìsàn bá dá a dùbúlẹ̀? Èmi kò ní fara mọ́ kí a máa fi àṣà ọlọ́dọọdún tu ara wa nínú nígbà tí èdè ń lọ.

Ẹ sì jẹ́ ká wádìí ohun tó mú èdè náà lọ nínú ìdílé apá ọ̀tún yẹn kí ẹnikẹ́ni tó dá àdúgbò lẹ́bi. Ní 1918, Texas ṣe òfin tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún olùkọ́ láti fi èdè mìíràn yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ nílé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń na àwọn ọmọ Mẹ́síkò nítorí pé wọ́n sọ Spéìn ní pápá ìṣeré. Àwọn ọmọ tí wọ́n nà nígbà náà dàgbà, wọ́n di òbí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì pinnu pé ọmọ tiwọn kò ní jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀, wọn kò sì bá ọmọ wọn sọ ọ́. Nígbà tó fi di 1973 tí òfin tuntun pàṣẹ kíkọ́ ọmọ ní èdè méjì, ìran kan ti dákẹ́. Lónìí, bí ọmọ 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n ń sọ èdè kan náà ṣùgbọ́n tí Gẹ̀ẹ́sì wọn kò tíì dán mọ́rán bá wà ní kíláàsì kan náà lábẹ́ àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ kan, òfin Texas sọ pé kí wọ́n fi èdè méjì kọ́ wọn. Ọmọ àwọn ará Venezuela bá èyí lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn òbí àgbà ìdílé kejì kò bá a.

Ṣé ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dún? Àwa náà san owó ìtanràn fanákúlà, wọ́n sì na àwọn mìíràn. Mo ń gbé ní Adó lónìí, ní Basírì, mo sì ń rí àwọn ọmọ tí bàbá wọn jẹ́ ará Ìkọlé, tí ìyá wọn jẹ́ ará Ọ̀mùò, tí wọn kò lè sọ ẹ̀ka-èdè ìlú kankan nínú méjèèjì, Yorùbá àjùmọ̀lò pàápàá kò sì já geere lẹ́nu wọn. Yorùbá ló yí wọn ká tọ̀sán-tòru. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí owó rẹ̀ wọ́n ló ń sọ fún òbí pé kí wọ́n máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé, òbí sì ń gbọ́ràn. Bí gbígbé láàárín ẹni ẹni bá tó láti pa èdè mọ́, Adó-Èkìtì ni ì bá ti kọ́kọ́ rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, n kò rí ohun tí Alief yóò ṣe fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń bá sọ Gẹ̀ẹ́sì láti àárọ̀ dalẹ́.

Olùkọ́ Òkè-Ìlà, Adó-Èkìtì

Ìyá Ìkọlé, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, nítorí mo mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni àbúrò mi ń bá àwọn ọmọ náà sọ. Ṣùgbọ́n ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé àdúgbò kò já mọ́ nǹkan rárá? Ó ṣòro fún mi láti gbà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Olósùnta, Ìkéré-Èkìtì

Ó já mọ́ nǹkan, Mà, àmọ́ kì í ṣe lọ́nà tí àbúrò yín ń rò. Àjọ Pew gbé ìwádìí kan jáde ní 2017 nípa àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ní ìran Hispanic. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n bí sí òkè òkun, 97 ló ń pe ara wọn ní Hispanic. Nínú àwọn ọmọ wọn, 92. Nínú àwọn ọmọ-ọmọ, 77. Nígbà tó bá sì di ìran kẹrin, 50 péré. Ohun tí wọ́n rí pé ó fà á ni pé àwọn èèyàn ń fẹ́ ẹni tí kì í ṣe ẹ̀yà wọn, àti pé àwọn tó ń ti ilé dé láti tún èdè àti àṣà ta jí kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ibi tí àdúgbò ti wọlé nìyẹn. Níbi tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ilé bọ̀ bá ti ń dé lemọ́lemọ́, bíi Katy fún àwọn ará Venezuela, ọmọ á rí i pé èdè náà wúlò lóde pẹ̀lú: wọ́n fi ń ná ọjà, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣeré. Bí kò bá rí ẹlòmíràn tó ń sọ ọ́ yàtọ̀ sí bàbá àti ìyá rẹ̀, yóò kà á sí ohun àwọn àgbà. Ọmọ Yorùbá ní Katy nílò àwọn ọmọ mìíràn tó ń sọ Yorùbá, ìyá nìkan kò lè jẹ́ gbogbo ìlú fún un. Nítorí náà, mo gba ti Ìyá Ìkọlé lórí ilé, mo sì gba ti Ará Mọba lórí ibi àpéjọ, ṣùgbọ́n kí àpéjọ náà jẹ́ èyí tí àwọn ọmọ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kì í ṣe èyí tí àwọn àgbà ń jó tí àwọn ọmọ ń wo fóònù ní kọ̀rọ̀.

Ará Mọba, Ọ̀tùn-Èkìtì

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ọ̀nà láti Katy sí Alief kò jìn fún ẹni tó ní ọkọ̀, ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní ẹ̀yìn ìlú ló sì ń rìn ín ní Sátidé àti ọjọ́ Àìkú. Kí ó mú àwọn ọmọ lọ sí ọjà pẹ̀lú. Ilé ìtajà Fiesta, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Houston ní 1972 tí àwọn Hispanic sì jẹ́ púpọ̀ nínú oníbàárà rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ wa ti máa ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, gbáàgúdá àti ẹran ewúrẹ́. Inú ilẹ̀ àwọn ará Gúúsù Amẹ́ríkà ni gbáàgúdá ti kọ́kọ́ hù kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, mo sì rò pé ó yẹ kí àwọn ọmọ náà mọ èyí, kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn àti aládùúgbò wọn kì í ṣe àjèjì síra wọn pátápátá. Kí ó kan ìlẹ̀kùn ìdílé méjèèjì bákan náà. Ìyá Venezuela yẹn mọ ohun tí títọ́ ọmọ ní èdè ilé ń ná èèyàn ní Katy, yóò sì sọ ọ́ fún un ju bí àwa tí a wà ní Èkìtì ti lè sọ ọ́ lọ.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kó fi sọ́kàn. Bí òbí bá ń fi ọmọ sílé-ẹ̀kọ́ ìjọba fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Texas, wọn á fún un ní ìwé kan tó ń béèrè èdè tí wọ́n ń sọ nílé àti èyí tí ọmọ ń sọ jù. Mo mọ àwọn èèyàn wa tó kọ Gẹ̀ẹ́sì síbẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù pé wọn á fi ọmọ wọn sí kíláàsì àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó jẹ́ pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé. Kò sí ìdí fún ìbẹ̀rù náà. Bí ó bá kọ Yorùbá, wọn yóò dán Gẹ̀ẹ́sì ọmọ náà wò, bí ọmọ bá sì yege, kíláàsì àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò wà. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń bọ̀ wá wọlé ẹ̀kọ́, àbí? Kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ Yorùbá láti ìsinsìnyí, kí ohun tí yóò kọ síbẹ̀ lè jẹ́ òótọ́.

Olùkọ́ Òkè-Ìlà, Adó-Èkìtì

Bẹ́ẹ̀ ni, èyí tó kéré jù kò tíì wọlé ẹ̀kọ́. Mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín fún tọkọtaya náà lórí fóònù. Wọn kò ní ta ilé mọ́ ní báyìí, ọkọ sì ti gbà pé òun ni yóò máa wa ọkọ̀ ní Sátidé. Ìyá wa náà ti ní kí wọ́n máa fi fóònù gbé àwọn ọmọ bá òun sọ̀rọ̀ lálaalẹ́, òun kò sì ní dá ẹni tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì kí òun lóhùn. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé ní Yorùbá ní apá Alief tàbí Katy, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ síbí fún mi.